Táyà ńlá lẹ́sẹ̀ típà: Gíà ẹ̀yìn tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kì í rántí yí padà

Bí ọlọ́kọ̀ akẹ́rù bá ti ra táyà tó ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, inú rẹ̀ a máa dùn. Ọkọ̀ náà á nàró, abẹ́ rẹ̀ kò ní máa họ ilẹ̀ mọ́ níbi tí wọ́n ti ń kó yanrìn, àwọn ọlọ́kọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa kí i kú oríire. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ á ní ọkọ̀ ti rọ, kò fẹ́ gun òkè mọ́. Ọlọ́kọ̀ á ní irọ́ ni, awakọ̀ ló ń fa díísù tà. Mẹkáníìkì á ní kí wọ́n yọ pọ́ńpù díísù lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe. Wọ́n á tún pọ́ńpù ṣe, wọ́n á pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, bóyá wọ́n á tiẹ̀ lé awakọ̀ lọ pàápàá, síbẹ̀ ọkọ̀ náà kò ní ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Pọ́ńpù kọ́ ló ń ṣe é, awakọ̀ náà sì lè má mọwọ́ mẹsẹ̀. Táyà tuntun yẹn ló ti yí gíà ọkọ̀ náà padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan gíà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó jẹ́ pé típà kan ṣoṣo ni gbogbo owó òwò wọn. Ìgbà kan wà tí Michelin ń ṣe táyà ní Port Harcourt, tí Dunlop sì ń ṣe tirẹ̀ ní Ìkẹjà. Michelin ti ilé iṣẹ́ tirẹ̀ pa ní ọdún 2007, Dunlop náà dá táyà ṣíṣe dúró ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà, táyà òkè òkun ló gba ọjà kan, ìwọ̀n tí ọlọ́kọ̀ bá sì bá lọ́jà lọ́jọ́ tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló sábà máa ń rà. Ti àlòkù tún ní wàhálà tirẹ̀. Nínú ìwé àwọn ọjà tí àjọ aṣọ́bodè kà léèwọ̀, àlòkù táyà wà níbẹ̀, àfi ti ọkọ̀ akẹ́rù tí ìwọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 11.00-20 sókè, tí wọ́n fẹ́ lọ lẹ ojú tuntun mọ́. Ẹni tó bá ń wá àlòkù táyà kéékèèké tó ti òkè òkun wọlé, ọjà tí òfin kò fọwọ́ sí ló ń wá.

Ká fi ọlọ́kọ̀ kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Típà Mercedes 911 kan ló ní, irú èyí tí ilé iṣẹ́ ANAMMCO ní Enugu ń tò jọ ní àwọn ọdún 1980, tí àwọn mẹkáníìkì sì ti mọ tinú tẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ńbà 911 yẹn kì í ṣe orúkọ lásán. 9 ń sọ pé ọkọ̀ náà àti ẹrù inú rẹ̀ wà ní ìsọ̀rí tọ́ọ̀nù 9, 11 sì ń sọ pé agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹṣin 110. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń di yanrìn sínú 911 mọ̀ pé àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ kò fi ojú Nàìjíríà wò ó.

Ká ní táyà 8.25-20 ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà, tí ọlọ́kọ̀ wá ra 10.00-20. Bí wọ́n bá gbé táyà àkọ́kọ́ nàró, gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 974. Ti èkejì jẹ́ nǹkan bíi 1,054. Ìyàtọ̀ náà kò ju gígùn ìka àárín lọ, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í kà á sí. Ṣùgbọ́n yíyí ni táyà ń yí. Tí táyà 8.25 bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ á sún ní mítà 3.06. Tí 10.00 bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó di mítà 3.31. Nínú kìlómítà kan, èyí àkọ́kọ́ á yí ní ìgbà 327, èkejì á yí ní ìgbà 302 péré.

Ibi tí èyí ti kan ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ ọkọ̀, ní ẹ̀yìn, nínú irin gbọọrọ tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì pọ̀, tí wọ́n ń pè ní ásùlù. Nínú ikùn ásùlù yìí, níbi tó ti yọ gọ̀ǹgọ̀ láàárín, gíà méjì ló ń bára wọn ṣiṣẹ́. Píníọ̀nù ni ti kékeré, òun ni pùrọ̀pẹ́là tó ń bọ̀ láti gíàbọ́ọ̀sì máa ń yí. Kíráùn ni ti ńlá, òun ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ká ní eyín 41 ló wà lára kíráùn, tí 8 sì wà lára píníọ̀nù. Tí wọ́n bá fi 8 pín 41, ó jẹ́ 5.125. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé pùrọ̀pẹ́là gbọ́dọ̀ yí ju ìgbà márùn-ún lọ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan. Iye yìí, tí a ó máa pè ní iye ìyí, ló ń sọ eré ẹ́ńjìnnì di agbára tó lè ti ẹrù. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti wo bí táyà ṣe ga tó kí wọ́n tó yàn án. Bí táyà bá ti ga sí i, ìṣirò wọn ti dàrú.

Nígbà tí ọkọ̀ náà bá ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan lórí gíà tó kẹ́yìn, níbi tí gíàbọ́ọ̀sì kò ti fi ohunkóhun kún un, ẹ́ńjìnnì á máa yí ní nǹkan bí ìgbà 1,675 ní ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú táyà 8.25. Pẹ̀lú táyà 10.00, á lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 1,548. Agbára tó ń dé ilẹ̀ náà á sì dín ní nǹkan bí ìdá 7.6 nínú 100. Ìyẹn lè dà bí ohun kékeré létí. Fún ọkọ̀ tí inú rẹ̀ ṣófo lójú ọ̀nà títẹ́jú, kékeré náà ni. Ṣùgbọ́n fún 911 tó ti di yanrìn kún bámúbámú, tó dojú kọ òkè Mápó, gíà tí awakọ̀ ti ń fi gun òkè náà láti ọjọ́ yìí kò ní gbé e mọ́. Á já a sí gíà kejì, á tún já a sí ìkíní. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wá dá a dúró lójú òkè, kò sí gíà kankan lábẹ́ ìkíní tó lè sá sí. Kílọ́ọ̀ṣì ni yóò máa fi tì í díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ á fi gbéra, òórùn rẹ̀ á sì dé imú àwọn tó ń ta àkàrà létí títì.

Aago iwájú awakọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́. Nígbà tó bá ń sọ pé 60 ni ọkọ̀ ń sá, 65 ló ń sá gan-an. Láti oṣù kejì ọdún 2017 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù tí kò ní ẹ̀rọ tó ń ká eré lọ́wọ́ kò. Bí ẹ̀rọ náà bá ń ka eré láti ara gíàbọ́ọ̀sì, tí wọn kò sì tún un tò lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ táyà, òun náà á jẹ́ kí ọkọ̀ sá ju bó ṣe yẹ lọ.

Èyí tó burú jù ni ti ìjánu. Òkè tí ọkọ̀ gùn náà ni yóò sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó ti Ìwàràjà lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè mọ ohun tó ń jẹ́ kí ẹrù máa ti ọkọ̀ lẹ́yìn nígbà tí ọ̀gbun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí awakọ̀ tó gbọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé kó lo gíà kékeré kí ẹ́ńjìnnì máa fà á sẹ́yìn, kí búréèkì má bàa gbóná jù. Táyà tó ga ti jẹ lára ìfàsẹ́yìn yẹn. Ó tún jẹ lára búréèkì fúnra rẹ̀, torí bí táyà bá ṣe ga tó ni agbára tí búréèkì nílò láti dá a dúró á ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó bá yí gíà ẹ̀yìn padà á rí ìfàsẹ́yìn ẹ́ńjìnnì gbà padà, ṣùgbọ́n kò sí gíà tó lè tún ti búréèkì ṣe. Ọlọ́kọ̀ tó bá fẹ́ gbé táyà rẹ̀ ga gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó sanwó.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà náà ló yẹ kí ènìyàn tú ásùlù. Láti táyà 9.00-20 sí 10.00-20, ìyàtọ̀ gíga wọn kò ju nǹkan bí ìdá 3.4 nínú 100 lọ, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á sì gbé ìyẹn láìráhùn. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé ọ̀nà títẹ́jú ló ń ná, tí ẹrù rẹ̀ kò wúwo, lè tilẹ̀ jẹ èrè díẹ̀ nínú bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń rọra yí. Tí ìyàtọ̀ náà bá ti ń sún mọ́ ìdá 8 tàbí 10, tó sì jẹ́ yanrìn, òkúta tàbí igi gẹdú ni wọ́n ń kó, kò sí ibi tí wọ́n lè sá gbà. Kí wọ́n yí gíà padà, tàbí kí wọ́n dá táyà ńlá náà padà fún ẹni tó tà á. Fún ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ tó ní ọkọ̀ kan, èyí kejì yìí ló bọ́gbọ́n mu jù bí wọn kò bá tíì ná owó ríìmù. Ríìmù tó fẹ̀ ní íǹṣì 6.5 ni táyà 8.25 ń wọ̀, 7.5 ni ti 10.00, àwọn táyà méjì tó wà nítòsí ara wọn lẹ́yìn kò sì gbọ́dọ̀ máa kan ara wọn nígbà tí ẹrù bá wà nínú ọkọ̀.

Ẹni tó bá ti pinnu láti yí gíà padà ní láti kọ́kọ́ mọ iye tó ń wá. Ìwọ̀n táyà máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, nítorí náà kó fi ẹfun sàmì sí táyà àti ilẹ̀ nígbà tí ẹrù wà nínú ọkọ̀, kó jẹ́ kí táyà yí lẹ́ẹ̀kan géérégé, kó sì fi téèpù wọn ibi tó dé. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti àtijọ́ àti ti tuntun. Iye ìyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ pàápàá ṣeé kà láìtú nǹkan kan. Wọ́n á fi igi há àwọn táyà tó wà nílẹ̀ dáadáa, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè, wọ́n á fi gíà sí ojú òfo, wọ́n á tú búréèkì ọwọ́, ẹnì kan á sì fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ tó wà lókè náà ní ẹ̀ẹ̀mejì gérégé. Iye ìgbà tí pùrọ̀pẹ́là bá yí ni iye ìyí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń yí i, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, torí pé ẹsẹ̀ kejì dúró sójú kan.

Fún típà inú àpẹẹrẹ yìí, 5.125 ni wọ́n á sọ di púpọ̀ ní 1,054, wọ́n á sì fi 974 pín in. Èsì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 5.55. Kò sí ẹni tó ń gé eyín sí iye tí oníbàárà bá fẹ́, èyí tó bá sún mọ́ ọn jù lára àwọn tí wọ́n ṣe fún irú ásùlù yẹn ni wọ́n á wá. Bí wọ́n bá rí kíráùn eléyín 39 pẹ̀lú píníọ̀nù eléyín 7, 5.57 nìyẹn. Lórí eré 60, ẹ́ńjìnnì á padà sí nǹkan bíi 1,682 ní ìṣẹ́jú kan, aago tó ń ka eré láti gíàbọ́ọ̀sì náà á sì padà máa sọ òtítọ́.

Ọjà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Kíráùn àti píníọ̀nù jẹ́ ìbejì. Wọ́n jọ gé wọn ni, wọ́n jọ lọ̀ wọ́n ni, wọ́n sì sábà máa ń kọ nọ́ńbà kan náà sára àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ra kíráùn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ládípọ̀, tó wá ra píníọ̀nù ní Gate n'Ìbàdàn torí pé ó dín owó díẹ̀, ariwo ló rà, ariwo náà kò sì ní pẹ́ di eyín tó ká. Bí iye tuntun bá sì jìnnà púpọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, kíráùn lè má jókòó dáadáa lórí ilé tó gbé e dúró nínú ásùlù, á wá di pé wọ́n ní láti ra ilé náà mọ́ ọn.

Ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn àgbà mẹkáníìkì fẹ́ràn, ó sì yẹ kí oníṣòwò fetí sí i. Dípò gíà méjì, wọ́n á ra odindi ikùn ásùlù tòkunbọ̀ tí gíà rẹ̀ ti wà ní tító láti ilé iṣẹ́, wọ́n á ka eyín rẹ̀ lójú ọlọ́jà, wọ́n á wò ó bóyá eyín náà ń dán láìsí ibi tó jẹ, wọ́n á sì gbé e wọlé bó ṣe wà. Ó lè gbówó lórí ju gíà méjì lọ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, ṣùgbọ́n ó gba ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo rẹ̀, ìyẹn títo gíà.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ní pick-up onídíísù bíi Ram tàbí Ford Super Duty wà tó jẹ́ pé inú gáréèjì ilé wọn ni wọ́n ti ń to gíà yìí fúnra wọn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wọ táyà ńlá. Wọ́n á ra kíráùn àti píníọ̀nù pẹ̀lú bíárìn, ọ́ìlì síìlì àti ṣíìmù nínú páálí kan. Kò sí ohun tó ní kí ọlọ́kọ̀ n'Ìbàdàn má ṣe é nínú ọgbà tirẹ̀ pẹ̀lú mẹkáníìkì tó fọkàn tán, tó bá ti ní irinṣẹ́ tó yẹ. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni ká máa fi ojú wọn ohun tí ojú kò lè rí.

Kí jáàkì tó gbé e, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ le, kí igi tó nípọn sì wà lábẹ́ ọkọ̀. Búlọ́ọ̀kù kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé ọkọ̀ lé, ó lè fọ́ lójijì. Wọ́n á tú gíà ọ́ìlì dà sílẹ̀, wọ́n á fa irin méjèèjì tó ń lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ jáde, wọ́n á tú pùrọ̀pẹ́là, wọ́n á sì gbé ikùn ásùlù bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó pọ̀, torí pé irin náà wúwo. Àwọn ìdérí tó di bíárìn mú lọ́tùn-ún lósì kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ara wọn, kí wọ́n lu àmì sí wọn lára kí wọ́n tó tú wọn. Bíárìn àti ọ́ìlì síìlì tuntun ni wọ́n á lò, bóòtù kíráùn náà á jẹ́ tuntun.

Lẹ́yìn náà ni títò. Ṣíìmù, ìyẹn àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi páńda, ni wọ́n fi ń sún píníọ̀nù wọlé tàbí jáde. Àyè díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín eyín kíráùn àti ti píníọ̀nù kí wọ́n má bàa jẹ ara wọn. Lórí ọ̀pọ̀ ásùlù ọkọ̀ akẹ́rù, àyè náà jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 0.2 sí 0.3, ìwé ọkọ̀ náà ló sì máa sọ iye rẹ̀ gan-an. Kò sí ẹni tó lè fi ìka mọ ìyẹn. Aago ìwọ̀n kékeré tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún mílímítà ni wọ́n ń fi wọ̀n ọ́n. Bí mẹkáníìkì bá sọ pé òun kò nílò rẹ̀, pé ogún ọdún lòun ti ń fi ọwọ́ ṣe é, kí ọlọ́kọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó sì wá ẹlòmíràn. Wọ́n á fi ọ̀dà kun eyín mélòó kan, wọ́n á yí i síwá-sẹ́yìn, wọ́n á sì wo ibi tí ọ̀dà ti nù. Àárín eyín ló yẹ kó ti nù. Bó bá jẹ́ ṣóńṣó tàbí ìdí eyín ni, kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún ṣíìmù rẹ̀ tò. Wọ́n lè ṣe èyí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ ni sùúrù ti ń tán.

Ọkọ̀ tó ní ásùlù méjì tó ń fà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ ní iye ìyí kan náà lára àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni pick-up tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ tún ń fà, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń lò. Ẹni tó bá yí ti ẹ̀yìn nìkan, bó ṣe ń wa ọkọ̀ ni àwọn ásùlù náà á máa bára wọn jà, gíà àárín ló sì máa fọ́ kẹ́yìn.

Ní ti owó, ìwé kékeré àti bírò ló máa sọ bóyá ó tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, díísù kò tó 300 náírà ní lítà kan. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kọjá 800. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí ilé ìfọpo Dangote dín iye tó ń tà á kù, láti 1,200 sí 1,000 ló dín in. Ká ní lítà mẹ́ta péré ni típà kan ń fi ṣòfò lójúmọ́ torí gíà tí kò bá táyà mu, tó sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 25 lóṣù. Ní 1,000 náírà lítà kan, 75,000 náírà lóṣù nìyẹn, kílọ́ọ̀ṣì kò sí níbẹ̀, ọjọ́ tí ọkọ̀ fi dúró nílé mẹkáníìkì kò sí níbẹ̀. Kí ọlọ́kọ̀ rọ táńkì kún, kó kọ iye ìrìn àti lítà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú iṣẹ́, kó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé yẹn náà ló máa jẹ́ kó mọ̀ bóyá awakọ̀ ń jí díísù lóòótọ́.

Nígbà tí wọ́n bá ti tò ó tán, gíà ọ́ìlì tí wọ́n kọ GL-5 sí lára, ní ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ, ni wọ́n á rọ síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ ọ́ sí gíàbọ́ọ̀sì àfi tí ìwé ọkọ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀, torí pé irú ọ́ìlì yẹn lè jẹ irin pupa tó wà nínú gíàbọ́ọ̀sì mìíràn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ọjọ́ ẹrù. Kí ọkọ̀ rìn ní òfìfo fún bí ìṣẹ́jú ogún, kó dúró títí á fi tutù, kó tún rìn. Fún nǹkan bíi kìlómítà 800 àkọ́kọ́, ẹrù rẹ̀ gbọ́dọ̀ fúyẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ sáré àsápajúdé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á da ọ́ìlì náà nù, tí wọ́n á wo ohun tó lẹ̀ mọ́ mágnẹ́ẹ̀tì ìdí ásùlù. Tó bá rí bí ìyẹ̀fun eérú, kò sí wàhálà. Tó bá jẹ́ èérún irin tí ọwọ́ lè ṣà, kí wọ́n tú ásùlù náà padà kí yanrìn tó tún wọ inú ọkọ̀.